Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Tí Àmínát Fà

Ẹ bá mi wo ayé yìí o. Obìnrin tó ti ń fi tẹ́ẹ̀pù wọ̀n èèyàn ní Rye Lane, ní London, fún nǹkan bí ogójì ọdún, tí kò gé ṣòkòtò ẹnikẹ́ni kúrú jù rí, òun ló wá ń sá fún nǹkan tí kò gùn tó apá èèyàn nínú ilé ara rẹ̀. Àmínát Mákánjúọlá lorúkọ rẹ̀, Ìyá Àìṣát aránṣọ. Àwọn oníbàárà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú lásán ló fi ń mọ ìbàdí èèyàn, kì í wulẹ̀ wo tẹ́ẹ̀pù.

Ìbọn ni nǹkan náà. Ìbọn ìbílẹ̀ ni, alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́ fún bàbá Dáúdà, ọkọ rẹ̀, bàbá yẹn sì fi ṣọdẹ ní Ìsẹ́yìn títí ó fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, lọ́dún 1986, àwọn àbúrò bàbá fẹ́ gbà á mọ́ Dáúdà lọ́wọ́. Dáúdà ní kò ṣeé ṣe, òun á tì í sínú àpótí ẹrù tí ọkọ̀ ojú omi máa gbé wá sí London. Ìbọn gùn, àpótí kúrú. Ta ló wá mú tẹ́ẹ̀pù jáde? Àmínát ni. Ó wọ̀n ọ́n, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà funfun sára irin, ó ní, "Ibí yìí ni kí ẹ ti gé e." Dáúdà sì mú ayùn. Ìyá Dáúdà gbọ́ ìró ayùn lẹ́nu ọ̀nà, ó figbe ta: "Háà! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọ̀fun baba yín lẹ ń gé yẹn!" Wọ́n fi màmá rẹ́rìn-ín. Àkókò ìrun Alásárì ni.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn ọ̀fun mú Dáúdà. Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, kí òun fúnra rẹ̀ tó lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, bí Àmínát bá ti tẹ́ ẹní Alásárì, á gbọ́ ayùn lórí irin, ṣẹ́rẹ́-ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ́rẹ́-ṣẹ̀rẹ̀, kò sì ní gé e tán. Á fọwọ́ di ọ̀fun ara rẹ̀ mú. Ẹ̀rù ń bà á gan-an ni: ẹni tó gé e ti lọ, ó ku ẹni tó fàlà.

Ìgbà yẹn ni kánsù tó ni ilé kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ wá tú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn gan-an ni ìbọn wà. Ó pe Àìṣát, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Bermondsey. Àìṣát dé, ó ka òfin lójú fóònù rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Mummy, gígùn tàbí kúrú, a ò ní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pá ẹnu rẹ̀ ò bá tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, èèwọ̀ gbáà ni. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ló kéré jù."

Àmínát mú tẹ́ẹ̀pù. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó rántí pé nígbà tí wọ́n tẹ́ ìbọn náà sínú àpótí, àyè ìka mẹ́rin ló ṣẹ́kù, tó tó láti mú un lé ní ọgbọ̀n. Òun aránṣọ!

Orí bá wọn ṣe é, àwọn ọlọ́pàá ń gba ìbọn lọ́wọ́ ará ìlú lọ́sẹ̀ yẹn, wọn ò ní torí pé èèyàn ní in lọ́wọ́ mú un. Àìṣát pè wọ́n, àwọn ọlọ́pàá ní kí ìyá àtọmọ má gbé e jáde nílé, àwọn á wá.

"Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní Daddy ló gé e," Àìṣát bẹ̀ ẹ́. "Òkú ò kúkú lè lọ sẹ́wọ̀n."

Ọlọ́pàá obìnrin kan ló tẹ́ ẹ sórí tábìlì, tó wọ̀n ọ́n, tó béèrè pé, "Ta ló gé e?" Àìṣát ranjú mọ́ ìyá rẹ̀. Irọ́ náà ti dé orí ahọ́n, ó dùn, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá a gbọ́ ayùn lọ́la?

"Ọkọ mi ló di ayùn mú," ó ní. "Èmi ni mo fàlà."

Àìṣát fọwọ́ bojú. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún ránṣẹ́ pè é, wọ́n sì gbé ìbọn lọ.

Alásárì tó. Àmínát tẹ́ ẹní. Ayùn bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Àmínát kò fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ayùn gé e tán. Irin já bọ́ sílẹ̀, gbì! Ohùn Dáúdà tí kò gbọ́ láti ìgbà àìsàn sì wí lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Àmínát, ó ti kúrú jù."

"Mo mọ̀," ló dá a lóhùn. Ó sì kírun.