Ọjọ́ tí mo pa pírójẹ́ẹ̀tì Àǹtí Súnbọ̀ rẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Ìyànà Ìyẹsí, ẹnì kan tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù tan ògbólógbòó kan. Ó ké "píì!", fáànù inú ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Èmi àgbàyà, mo fò sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ DOS, ohun tá a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà nígbà náà. Kò sí àwòrán tẹ́ ẹ máa fọwọ́ kàn. Ojú dúdú, lẹ́tà funfun, á kàn máa ṣẹ́jú sí ẹ bí ìgbà tó ń sọ pé, "Sọ̀rọ̀, òpè." Kó o tó rí Windows gan-an, wàá kọ́kọ́ kọ "win".

Nígbà yẹn, ní Joju lápá Sango, Bùrọ̀dá Múfú, ará àdúgbò wa, máa ń gbowó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tẹ iṣẹ́ wọn. Bàtà ò gbọdọ̀ wọ yàrá kọ̀ǹpútà ẹ̀, torí eruku. Ibẹ̀ ni mò ń sá sí dípò ilé ìwé. Irun ti ń hù lágbọ̀n mi, ọgbọ́n ò tíì hù.

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Súnbọ̀, ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ níbẹ̀. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó máa gboyè nílé wa. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó gbé e lọ fún ilé ìwé ẹ̀, kò sì tíì da ẹ̀dà ẹ̀ sínú flọ́pì, àwo pẹlẹbẹ tá a fi ń tọ́jú iṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àǹtí mi àti Bùrọ̀dá Múfú lọ jẹun. Mo fẹ́ ṣe fáàrí fáwọn ọ̀rẹ́ mi tó tẹ̀ lé mi wá, mo kọ "format c:". Kọ̀ǹpútà ní gbogbo nǹkan máa parẹ́ o, ṣé kóun máa lọ, Y àbí N? Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì kún gbogbo ilé ìkẹ́rùsí nìyẹn; ẹni tó bá sọ "No" ládùúgbò wa, aláìnígbàgbọ́ ni. Mo tẹ Y. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ ṣe "Àmín!"

Nígbà tí nọ́ńbà tó ń gòkè lójú kọ̀ǹpútà pé ọgọ́rùn-ún, àwọn ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Bùrọ̀dá Múfú sáré wọlé, tòun ti bàtà.

Bí àǹtí mi ṣe wọlé lẹ́yìn ẹ̀, ó ní: "Súnbọ̀, jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Iṣẹ́ mi ńkọ́?"

"Àbúrò ẹ ti fọ kọ̀ǹpútà mọ́ bí àwo."

Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ de ìgbátí. Kò gbá mi. Ó fa ìwé tó fọwọ́ kọ yọ, ó jù ú sí mi láyà: "Kà á fún mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Bùrọ̀dá Múfú kó DOS padà sínú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ mẹ́ta, mò ń kà, ó ń tẹ̀. Bí mo bá ṣì í pè: "Olódo, tún un kà!" Ohùn mi há. Wọ́n ń ti ọ́fíìsì tó ti fẹ́ gbé e fún wọn lọ́wọ́ nígbà tó débẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á.

Lónìí, fóònù ń tọ́jú nǹkan fúnra ẹ̀. Èèyàn lè ya òpè kó má ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Àǹtí mi di ọ̀gá nílé iṣẹ́ kan ní Sango. Èmi sá kúrò nílé ìwé pátápátá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹnu ṣì ń yà mí títí dòní: ìwé kan ṣoṣo tí mo kà parí láyé mi, èmi náà ni mo kọ́kọ́ pa á rẹ́.