Báírò Pupa Nínú Ìwé Àbúrò Mi

Aránṣọ ni àbúrò mi obìnrin, kì í sì í ṣe nǹkan ní wúruwùru. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà ní kí oníkálukú máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ sínú ìwé kan. Àwọn tó kù ra ìwé, ó tán. Àbúrò mi gbé tirẹ̀ sórí máṣíìnì, ó rán ègé aṣọ mọ́ ọn létí láti pín in: búlúù fún ohun tó ṣẹlẹ̀, funfun fún àròkọ tí kò tíì dán, àwọ̀ ewé fún èyí tí ó ti tún kọ. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé rẹ̀ láṣọ jù mí lọ.

Iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ kan fẹ́ gbà á kí ó máa kọ́ àwọn ọmọge ní aṣọ rírán, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ẹni tí kò yege nínú Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé kò ní ṣe ìdánwò. Bí ẹni gbé ẹyin ni àbúrò mi ṣe ń gbé ìwé yẹn.

Mẹkáníìkì ni ọkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ẹnu lọ. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó dá ìkọ̀wé ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Lọ́sàn-án Sátidé kan tí mo wá gba aṣọ mi, tí àbúrò mi ń múra àtilọ sí kíláàsì, ọkọ rẹ̀ ṣí ìwé náà, ó rí i pé ẹlòmíràn ti fi báírò pupa kọ̀wé sí gbogbo ojú ewé. Ó béèrè ohun tí wọ́n kọ sí èyí tó kẹ́yìn. Àbúrò mi kò fura.

“Tíṣà wa ni. Wọ́n ní kí n sọ púpọ̀ sí i nípa ọwọ́ mi.”

“Kí ló kan tíṣà nínú ọwọ́ ìyàwó mi?”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ìgbájú kan ló fi gbé e lu máṣíìnì. Ó ń fa ìwé náà ya, àbúrò mi dì í mú, kò fi sílẹ̀. Ọkọ yìí bá yọ sípánà nínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ó fi lu ọwọ́ ọ̀tún tó di ìwé mú. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Mo gbé sísọ́ọ̀sì, mo fi gún un léjìká. Ó tì mí lu ògiri, eyín mi kan kán. Ẹ̀jẹ̀ tèmi àti tirẹ̀ dà sórí aṣọ oníbàárà.

Ó ní òun ń lọ fọ́ orí tíṣà. Mo fi àbúrò mi lé aládùúgbò lọ́wọ́ kó gbé e lọ sílé ìwòsàn, mo sá tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn kíláàsì ṣí. Ọkùnrin kan dìde láti dá a dúró, ó la sípánà mọ́ ọn lójú. Ó béèrè ta ni ó ń kọ̀wé sí ìyàwó òun.

Ìyá arúgbó kan dìde níwájú, báírò pupa lọ́wọ́ rẹ̀.

“Èmi ni, ọmọ mi. Gbogbo wọn ni mò ń kọ ọ́ sí.”

Ọkọ àbúrò mi kò béèrè rí bóyá obìnrin ni tíṣà. Ó gbé sípánà wálẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dà bò ó, wọ́n lù ú bí ẹni lu bàrà, èmi náà kò sì gbẹ́yìn. Ọlọ́pàá ló gbà á lọ́wọ́ wa.

Àwọn ẹbí rẹ̀ wá bẹ̀ wá kí a má ṣe ẹjọ́. Wọ́n ní ahọ́n àti eyín a máa jà. Mo la ẹnu mi, mo ní kí wọ́n wá wo ibi tí eyín kú sí.

Àbúrò mi ń fi ọwọ́ òsì yí máṣíìnì, ó ń rán ìwé rẹ̀ tó ya pọ̀. Ojú ewé kan péré ló kù kí ìwé náà pé, èyí tí tíṣà béèrè nípa ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ wọ́ bíi tọmọdé. Tíṣà kà á, kò fi báírò kan ibì kankan níbẹ̀, ó sì kọ orúkọ àbúrò mi mọ́ àwọn tí yóò ṣe ìdánwò.

Mo ní kí ó sọ ohun tí ó kọ fún mi ní èdè wa.

“Mo ní ọwọ́ ọ̀tún mi ló rán ṣòkòtò ọkọ mi. Òun náà ló ṣe àpò rẹ̀ jìn, kí sípánà má bàa máa bọ́.”