Orí Géèmù

Bí ṣájà géèmù ọmọ mi bá ti gbóná, tí òórùn ike gba pálọ̀ kan, yàrá Bọ̀dá Sálíù lẹ́yìn Ọjà-Ọba ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Tẹlifíṣọ̀n kan àti géèmù kan tó fi ń pawó ló wà níbẹ̀. Bí àwa ọmọ ilé-kéwú bá ti kírun Àlàásárì tán, ibẹ̀ là ń sáré lọ, a ó máa làágùn, a ó máa pariwo.

Lọ́jọ́ kan, agbowó-orí káńsù dé. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Kò tilẹ̀ kí wa ní sálámà. Obì tó ń jẹ ń ta sí wa lára bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ìjọba ti bu owó-orí lé géèmù, kó lè wọ́n, kẹ́yin ọmọ wọ̀nyí lè padà sídìí ìwé yín!"

Mo wo géèmù náà tòkè-tìdí. Bọ́tìnì rẹ̀ wà, wáyà rẹ̀ wà.

"Bọ̀dá, níbo ni orí ẹ̀ wà?"

"Kò lórí, àbúrò," ni Bọ̀dá Sálíù dáhùn. "Wọlahi, ẹni tó wá gbowó ẹ̀ gan-an ò lórí."

Ẹ̀rín pa wá. Inú bí ọkùnrin náà, ó fa géèmù yọ lára tẹlifíṣọ̀n, ó há a sí abíyá, ó jáde. Wáyà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé e bí ìrù.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé wọn ò fi owó-orí yẹn ra ìwé kan ṣoṣo fún ọmọ kankan ládùúgbò wa. Ìrù la rí lọ́jọ́ náà. Orí la ò tíì rí dòní.