Olórí Ilé Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe tíṣà, àìsàn kan ló sì bá mi wọ ìfẹ̀yìntì: ojú mi kì í gba àlàfo nínú ìwé. Ọmọ tó bá fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láìdáhùn, ẹgba ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò kọ orúkọ àwọn aláìní fún ìrànwọ́ ìjọba ní àdúgbò wa ní Bárúwà, èmi ni wọ́n mú. Inú mi dùn. Mo gbé tábìlì síta, mo wọ jígí mi.

Obìnrin kan wà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé mi pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje. Ogun ló lé wọn wá láti Òkè Ọya, níbi tí wọ́n ti ń dáná sun abúlé. Aṣọ ló ń bá àwọn ènìyàn fọ̀. Nígbà tí a dé ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè olórí ilé àti nọ́mbà fóònù rẹ̀, ó ní òun ni.

Mo ní, "Ìwọ kẹ̀? Ọkọ ńkọ́?"

Ó wò yíká. Ó wá fi Yorùbá rẹ̀ tí kò tíì jinná sọ fún mi pé ọkọ òun wà láàyè, pé ó gbé ìbọn pẹ̀lú àwọn tó ní àwọn ń ṣọ́ abúlé, àti pé ìdí ìbọn náà ló fi ń lu òun nínú ilé. Ó la ẹnu hàn mí. Eyín méjì ti lọ.

"Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ ọ́. Tó bá mọ ibi tí a wà, ó máa gba ọmọ mi."

Mo gbọ́ o. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo ní nínú ara mi pé, ta ni kì í bá ọkọ jà jàre? Èmi náà jẹ ìgbájú nígbà tèmi, ṣebí mo fara dà á títí mo fi sin ín. Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa pé fọ́ọ̀mù tí kò bá pé, wọn yóò dà á nù. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe. Oore òṣì!

Lọ́jọ́ kejì, mo dá ọmọ náà dúró nígbà tó ń ti ilé ìwé bọ̀. Orí rẹ̀ pé, ó ń sọ Yorùbá bí ọmọ Èkó. Mo ní, "Ṣé o mọ orúkọ bàbá rẹ àti nọ́mbà rẹ̀ sórí?" Ó nàró, ó kà wọ́n láìkọsẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ fún un, mo fún un ní bisikíìtì. Lẹ́yìn náà, mo kọ bàbá rẹ̀ sí ibi olórí ilé tó ṣófo.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọkùnrin náà pè mí. Pijin ló ń sọ, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní tẹ́ẹ̀sì dé sórí fóònù òun pé wọ́n ti kọ orúkọ ìdílé òun sílẹ̀, nọ́mbà mi sì wà níbẹ̀. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń wá ìyàwó òun, pé òun ń sunkún. Háà, àánú rẹ̀ ṣe mí, èmi àgbàyà! Mo júwe ọ̀nà fún un: kó sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Command, kó gun ọ̀kadà, kó ní ilé màmá tíṣà. N kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, kí inú rẹ̀ lè dùn lójijì.

Ó dé lọ́sàn-án Sátidé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja. Mo fún un lómi tútù, mo sì mú un lọ sẹ́yìnkùlé fúnra mi. Obìnrin náà ń sá aṣọ. Ó gbójú sókè, ó rí wa. Èmi ló wò títí ìgbájú àkọ́kọ́ fi dé. Ọkùnrin náà lù ú bolẹ̀, ó fi bàtà tẹ ọwọ́ rẹ̀, mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Mo kígbe títí ohùn mi fi há. Àwọn ayálégbé yọjú, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kí n má dá sí i. Ó gbé ọmọ lé èjìká tòun tigbe, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní téṣàn, ọlọ́pàá ní bàbá kì í jí ọmọ ara rẹ̀ gbé. Mo na ẹ̀dà fọ́ọ̀mù sí i, kó lè rí i pé ọ̀dọ̀ wa ni ọmọ náà ń gbé. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ta ló kọ ọ́ pé ọkùnrin yìí ni olórí ilé?"

Mo ní èmi ni.

"Kí lẹ wá ń bá wa jà sí?"

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà pè. Ó ní tí ìyàwó òun bá fẹ́ rí ọmọ, kó padà sílé. Mo kúnlẹ̀ bẹ obìnrin náà, èmi arúgbó, ó sì ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo di ẹrù. Mo ní, "Wọ́n ń pa ènìyàn níbẹ̀ o! Ọkùnrin yẹn á pa ọ́!"

"Mo mọ̀. Ọmọ mi wà níbẹ̀."

Mo nawọ́ láti bá a gbé báàgì. Ó rọra gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ẹ fi sílẹ̀, màmá. Ẹ ti ràn mí lọ́wọ́ tó."