Aràn Inú Fláàṣì Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lónìí.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí Bàbá Ṣọlá, akọ̀wé iléèwé wa l'Óǹdó, pé òun ló kó aràn, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì, sí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, tí aràn fi jẹ ìbéèrè ìdánwò wa.

Lónìí, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe dé láti Àkúrẹ́. Ó na fláàṣì kan tó bá lára kọ̀ǹpútà náà sókè:

"Ta ló ni eléyìí? Òun ló gbé aràn wọlé. Kọ̀ǹpútà tí ẹ bá ti fi í sí, ibẹ̀ ló ń bímọ sí."

Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i rí.

Ṣùgbọ́n àǹkárá tí mo so mọ́ ọn kí wọ́n má baà jí i, òun náà ni mo fi rán bùbá ọrùn mi.

Bàbá Ṣọlá kàn ní, "Kò burú, tíṣà."

Ẹ gbà mí o, ojú wo ni kí n fi wọ ọ́fíìsì yẹn lọ́la?