Oògùn Tí Ara Fọláṣadé Kọ̀

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí Fọláṣadé lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn wa ní Inísà, mo rò pé omi gbígbóná ló dà sí i lára. Ètè rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ méjèèjì wú, kò lè là wọ́n. Mo ní kí n gbé e jókòó, mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, awọ ẹ̀yìn náà sì bá ọwọ́ mi wá bí èèpo iṣu sísè.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti gbẹ̀bí, mo ti di ojú ọgbẹ́ ọlọ́kadà tí eegun rẹ̀ yọ síta. Ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí rí.

Aránṣọ ni Fọláṣadé, òun ló ń rán yúnífọ́ọ̀mù mi. Ìyá rẹ̀, àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ láti Òkukù, dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó káwọ́ lérí.

Mo bi í pé, "Màmá, kí ló lò?"

"Ibà ló ń ṣe é. Mo ra oògùn fún un lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Nígbà tí ara rẹ̀ ń yún un, tí ẹnu ń ta á, mo ní ibà náà ló ń jáde. Mo bá tún fún un sí i."

"Ṣé ó ṣì ń lò ó?"

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú páálí oògùn jáde. "Ó lò ó láàárọ̀ yìí."

Èròjà kan tí a ń pè ní súfà wà nínú oògùn náà. Kì í ṣe ayédèrú o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó, nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ara àwọn kan kọ̀ ọ́. Ti ẹlòmíràn, ara á kàn yún un, á sì lọ. Irú ti Fọláṣadé ló ń bani lẹ́rù: ara á máa bó bí ẹni tó jóná, látinú ẹnu títí dé ojú ara. Ó sì lè pààyàn.

Dókítà wa wò ó, ó ní, "Òṣogbo, kíá! Ẹ máa ṣọ́ ojú rẹ̀."

Ìyá rẹ̀ fẹ́ fi àdí pa á lára, mo ní rárá. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti ń lẹ̀ mọ́ ọn. Mo sáré gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo fi omi tí a sè fọ̀ ọ́, mo sì tẹ́ ẹ sínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa. Gbogbo kòtò tí a bá kó sí ni Fọláṣadé ń ké. Ìyá rẹ̀ ń sọ pé, "Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi fún un."

Nígbà tí a kọjá Ìkìrun, ó dákẹ́.

"Fọláṣadé, dá mi lóhùn!"

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni?"

Ọ̀sán gangan ni.

Ó pẹ́ ní Òṣogbo. Èékánná rẹ̀ bọ́, òmíràn hù. Ojú rẹ̀ padà ríran, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní oògùn láì bi í pé, "Èwo ni ara yín kọ̀ rí?"

Nígbà tí ìyá Fọláṣadé kú, mo lọ kí i ní Òkukù. Bí mo ṣe wọlé ni mo gbọ́ tí àbúrò ìyá rẹ̀ ń pòṣé: "Ẹ wo ojú rẹ̀ bó ṣe gbẹ! Ìyá tó bí i lọ́mọ!"

Èjìká Fọláṣadé ń gbọ̀n, ohùn rẹ̀ ti há. Ó rí mi, ó dì mọ́ mi.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi sọ fún wọn. Mò ń sunkún o."

Mo sọ fún wọn. Mo ní àìsàn ìjọ́sí ló gbẹ omi ojú rẹ̀, kò sì ní omijé mọ́. Fọláṣadé mú oògùn ojú tó ń lò jáde nínú báàgì. Àbúrò ìyá rẹ̀ dìde, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá a kán an. Omi náà ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Fọláṣadé kò nù ún.