Èmi Ni Mo Ṣílẹ̀kùn

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń dáná nínú ilé kan ní ìlú St. George, ní Amẹ́ríkà. Àwọn obìnrin ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí baba ńlá wọn ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn obìnrin wọn tó bá sá fún ọkọ tó ń lù wọ́n. Wọ́n á fún ìyá àtọmọ ní yàrá, wọ́n á bá wọn wá lọ́yà, wọ́n á sì bá wọn wá ilé tiwọn.

Bí òtútù ṣe ń parí lọ, obìnrin kan dé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọkọ rẹ̀ ti fi àga ṣẹ́ ẹ lápá. Ojú rẹ̀ kan wú débi pé kò ṣeé là. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi nídìí sítóòfù, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n bá yín gé àlùbọ́sà." Ọwọ́ kan ló fi ń gé e, torí apá tó ṣẹ́ wà nínú POP tí wọ́n fi dì í, èmi ń bá a di àlùbọ́sà náà mú.

Láàárọ̀ ọjọ́rú kan, mo ń se omi tíì, ni agogo ilẹ̀kùn bá dún. Òfin ni pé a kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí a ò mọ̀ láìpe ọ̀gá wa, ìyá àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ lókè. Mo yọjú, mo rí ọkùnrin kan tó gbé páálí dání. A ń retí aṣọ ìbora lọ́jọ́ náà. Mo ṣílẹ̀kùn.

Ó sọ páálí náà lù mí láyà. Bí mo ṣe ṣubú, ó fi bàtà gbá mi lẹ́nu, eyín mi méjì kán. Ó sáré gòkè. Ọmọ náà figbe ta. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ọkùnrin náà ti di irun ìyá ọmọ náà mú, ó ń wọ́ ọ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, orí obìnrin náà ń gbá igi àtẹ̀gùn. Ọkọ rẹ̀ ni. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "A ń lọ sílé. Ilé là ń lọ."

Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo gbé kẹ́tùlù, mo da omi gbígbóná náà sí i lẹ́yìn. Ó fi í sílẹ̀, ó kọjú sí mi. Ni obìnrin náà bá dìde, ó fi apá tó wà nínú POP gbá a nímú, ó tún gbá a, ó tún gbá a, títí POP náà fi fọ́. Ọ̀gá wa àti obìnrin mẹ́ta mìíràn tó ń gbé níbẹ̀ sáré dé, wọ́n gbé e ṣubú, wọ́n sì jókòó lé e lórí títí ọlọ́pàá fi dé.

Ní ọsibítù, mo sọ fún ọ̀gá wa pé, "Mà, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn."

"Mo mọ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ fún obìnrin náà."

Mo sọ fún un. Ó wo ẹnu mi tó wú. "Ọmọ mi ń bi mí pé kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kó wọlé. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

"Sọ fún un pé mo ṣàṣìṣe."

Ọkọ mi ní kí n fiṣẹ́ náà sílẹ̀, n kò gbà. Mo jẹ́rìí ní kóòtù, wọ́n sì rán ọkùnrin náà lẹ́wọ̀n. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ló júwe ilé wa fún un. Ó ní òun rò pé wọ́n á yanjú ọ̀rọ̀ wọn ni.

Nígbà tó yá, wọ́n rí ilé fún obìnrin náà. Mo bá a gbé àpò rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀, ó dì mọ́ mi. Mo béèrè ibi tó ń kó lọ.

"Mi ò ní sọ fún yín, Àǹtí."

Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ti jókòó sínú ọkọ̀, kò wo ọ̀dọ̀ mi.